Yekini: Oníjàkadì Senegal tó jẹ́ orúkọ ọmọ Nàìjíríà, àti bí ariwo rẹ̀ ṣe rọlẹ̀

Fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí ẹni tó mú kí ẹ̀yìn Yakhya Diop kanlẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sí agbo pẹ̀lú rẹ̀, inú iyanrìn ni yóò ti bá ara rẹ̀. Yekini ni gbogbo Senegal mọ̀ ọ́n sí, wọ́n sì ń pè é ní ọba àwọn pápá ìjàkadì.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 22, oṣù Kẹrin, ọdún 2012, ìjọba náà dópin. Ní pápá ìṣeré Demba Diop nílùú Dakar, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí Yekini fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá dàgbà jù, Omar Sakho, tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Balla Gaye 2, dá a mọ́lẹ̀.

Àlejò lè rò pé ọ̀fọ̀ ni yóò ṣẹ orílẹ̀-èdè náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ijó ni wọ́n jó. Ní Guédiawaye, àdúgbò ẹ̀yìn ìlú Dakar tí Balla Gaye 2 ti wá, ayọ̀ gbòde. Kò sì lè jẹ́ pé gbogbo àwọn tó ń jó náà ni kò pariwo orúkọ Yekini rí.

Orúkọ tó ti Nàìjíríà lọ

Yekini kì í ṣe orúkọ Wolof, kì í sì í ṣe ti Serer. Orúkọ Mùsùlùmí tó wọ́pọ̀ láàrin Yorùbá ni, ara Rashidi Yekini, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, sì ni oníjàkadì náà ti yá a.

Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Lọ́dún 1993, Rashidi ni wọ́n dé ládé agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun ló gbá góòlù tó pọ̀ jù wọlé nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tunisia, òun náà ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ìdíje Ife Àgbáyé, nígbà tí wọ́n pàdé Bulgaria ní Dallas. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ náà, bó ṣe ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n tó sì ń ké, kò lè gbàgbé.

Láàrin àwọn oníjàkadì Senegal, orúkọ yíyá kì í ṣe nǹkan tuntun. Mohamed Ndao mú orúkọ Tyson láti ara akànṣẹ́ Amẹ́ríkà, Mike Tyson. Òmíràn ń jẹ́ Bombardier, ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ǹbù. Ẹni tí ẹ bá sì rí nọ́ńbà 2 lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ẹnìkan ti jẹ́ orúkọ náà ṣáájú rẹ̀. Balla Gaye kan ti jà kọjá lọ kí Balla Gaye 2 tó dé.

Eré ìkórè tó di òwò ńlá

Laamb ni àwọn Wolof ń pe ìjàkadì yìí. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìjàkadì ki àwọn ọmọ Ọ̀fà yóò tètè lóye ipò tó wà lọ́kàn àwọn ará Senegal. Lẹ́yìn ìkórè ni àwọn ọ̀dọ́ abúlé máa ń bá ara wọn wọ̀yá ìjà, pàápàá láàrin àwọn Serer, ẹ̀yà tí Yekini ti wá. Bassoul, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Saloum tí iṣẹ́ ẹja pípa ti gbilẹ̀, ni orírun rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1920, Faransé kan tó ní ilé sinimá ní Dakar, Maurice Jacquin, bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ wòran ìjà. Nígbà tó yá, wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ kún un. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń kan ẹ̀ṣẹ́ náà, láìsí ìbọ̀wọ́. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, tàbí tó bá fi ọwọ́ méjèèjì àti orúnkún méjèèjì tẹlẹ̀, ti ṣubú nìyẹn.

Ìjà gan-an lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àmọ́ ohun tó ń ṣáájú rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí: ìlù, ijó, àwọn oníjàkadì tó ń ki ara wọn, ìgbàdí àti ìfúnpá, àti igbá lórí igbá omi òògùn tí wọ́n ń dà lé orí àti èjìká. Àwọn oníwàásù kan ń bínú sí i, àwọn òǹwòran kò gbọ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Oníjàkadì ńlá kì í sábà jà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, owó ìjà kan ṣoṣo fún àwọn àgbà inú wọn sì ti lé ní 100 mílíọ̀nù CFA rí. Oṣù mọ́kànlá yòókù, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń gbé e ró. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá tutù, àwọn tó ń gbé ìjà kalẹ̀ kò ní pe fóònù rẹ̀ mọ́.

Tyson kọ́kọ́ rí i

Kí Yekini tó gorí oyè, Tyson ló ni ìlú. Láàrin àwọn ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ Pikine tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ rí ara wọn nínú rẹ̀. Àsíá Amẹ́ríkà ló máa ń fi bora wọ pápá, "Bul Faale" sì ni ọ̀rọ̀ àmúyangàn ìran rẹ̀, ìyẹn ni pé kí èèyàn má ka ohunkóhun sí. Òun ló kọ́ àwọn tó ń gbé ìjà kalẹ̀ pé oníjàkadì lè béèrè owó gọbọi.

Nígbà tí ìdìbò ọdún 2000 dé, Tyson dúró lẹ́yìn ààrẹ Abdou Diouf. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀lé e ti fi tiwọn sọ́dọ̀ Abdoulaye Wade tó ń pè fún àyípadà. Diouf fìdí rẹmi, Tyson sì rí i pé àwọn tó ń kọrin òun ti yí ẹ̀yìn padà. Kò tíì sí ẹni tó dá a mọ́lẹ̀ nígbà yẹn o. Ìparí ọdún 2002 ni Bombardier tó gbé e ṣánlẹ̀.

Ọba tí kò ní orogún

Yekini kò bá olóṣèlú kankan rìn dé ibi tó máa mú kí àwọn ènìyàn bínú sí i bíi ti Tyson. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ń borí jù. Ó dá Bombardier, ó dá ọ̀pọ̀ mìíràn, títí tí kò fi sí ẹni tí àwọn ènìyàn lè fojú sí lára pé yóò dán an wò. Òǹwòran tó bá sì ti mọ bí ìjà yóò ṣe parí, kí ló fẹ́ sanwó fún?

Balla Gaye 2 dé pẹ̀lú gbogbo ohun tí Yekini kò ní mọ́. Ọmọ Double Less, oníjàkadì àná, ni. Ọ̀dọ́ ni, ẹnu rẹ̀ mú, ó sì ń fi àbùkù kan àgbà níta gbangba. Àwọn kan kórìíra rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àti ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ àti ẹni tó kórìíra rẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ wo ìjà náà.

Àkókò náà gan-an tún rí bákan. Lọ́jọ́ 25, oṣù Kẹta, ọdún 2012, Wade tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ń wá sáà kẹta lẹ́yìn ọdún méjìlá lórí oyè, pàdánù ìbò sọ́wọ́ Macky Sall. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni Yekini ṣubú. Ìbò kọ́ ló dá Yekini, ọwọ́ Balla Gaye 2 ni. Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àgbà kan kúrò láàfin kò ní ṣòro fún láti yọ̀ nígbà tí òmíràn bá ṣubú ní pápá.

Ọjọ́ méjìlá péré

Lọ́jọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn ìjà Demba Diop, Rashidi Yekini, ẹni tó ni orúkọ, kú ní Ìbàdàn lẹ́ni ọdún 48. Ìrà ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí kò jìnnà sí Ọ̀fà, ni wọ́n sin ín sí.

Góòlù 37 ló gbá wọlé fún Nàìjíríà. Lọ́dún 2005, lẹ́ni ọdún 41, ó ṣì gba bọ́ọ̀lù fún Gateway ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn ìyẹn, ó dákẹ́ sí Ìbàdàn, kò bá àwọn oníròyìn sọ púpọ̀. Ọjọ́ tó kú ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn tó rántí rẹ̀ dáadáa.

Bí a bá ní ká fi wọ́n wé ara wọn, ti agbábọ́ọ̀lù le jù. Oníjàkadì mọ ọjọ́ tí ariwo òun dópin, nítorí gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀. Ti agbábọ́ọ̀lù, ńṣe ni wọ́n kàn ń dárúkọ rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹnikẹ́ni kò fi béèrè rẹ̀ mọ́.

Ó tó ọdún mẹ́rin kí Yekini tó tún bọ́ sí agbo ìjà ńlá. Ní oṣù Keje ọdún 2016, nígbà tó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, Lac de Guiers 2 dá a. Yekini sì fi ìjàkadì sílẹ̀.

Balla Gaye 2 pàápàá kò pẹ́ lórí oyè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014 ni Bombardier dá a, Bombardier kan náà tí Yekini ti dá rí, tí ọ̀pọ̀ ti rò pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Pápá Demba Diop ńkọ́? Lọ́dún 2017, ògiri kan wó níbẹ̀ nígbà ìdíje bọ́ọ̀lù, ènìyàn mẹ́jọ kú, wọ́n sì ti pápá náà pa. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣí pápá ìjàkadì tuntun tí China kọ́ sí Pikine, tó gba 20,000 òǹwòran. Níbẹ̀, lọ́jọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 2018, Eumeu Sène gba oyè lọ́wọ́ Bombardier. Nígbà tó pé ọdún kan géérégé, Modou Lô gbà á lọ́wọ́ òun náà.