Yanrìn Àpápá àti Òòlù Tó Ń Bi Í Léèrè

Bí a bá dárúkọ Àpápá GRA, ilé ńlá, igi tó ní ìbòòji àti tírélà ló ń wá sọ́kàn. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ wọn ni tiwa lónìí. Ní 1921, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, láre lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Herbert Macaulay ló bá a dé ọ̀hún. Apá kan Àpápá òde òní kò tíì sí nígbà náà o, àbàtà àti omi ni. Wọ́n kọ́ wáàfù ibẹ̀ láàárín 1921 sí 1926, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì fi yanrìn inú ọ̀sà dí àbàtà.

Yanrìn tí omi gbé wá kì í sábà kì dáadáa. Ẹni tó ń ra gààrí mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọn kóńgò, gààrí á rọlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mì, yanrìn náà fẹ́ rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti kún àárín rẹ̀, kò sì ráyè sá jáde. Omi á wá máa gbé ẹrù tí yanrìn ń gbé, ilẹ̀ á dà bí ògì. Ní Niigata, Japan, 16 June 1964, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láìfọ́. Kobe, 1995, tilẹ̀ sún mọ́ tiwa jù: èbúté tí wọ́n fi erùpẹ̀ dí omi kọ́ ni.

Ẹ ò lè bu irú yanrìn yìí lọ sí láàbù kó má tú, inú ilẹ̀ náà la ti ń dán an wò. Ní 1971, Seed àti Idriss ní California gbé ìṣirò wọn lé òòlù tí àwọn ẹnjiníà ti ń lò tipẹ́: 63.5 kg, tó ń já bọ́ láti 76 cm lu páìpù. Iye ìgbà tó lù kí páìpù tó wọ 30 cm ìkẹyìn là ń kà. Bó bá kéré, yanrìn ò kì. Kóònù àwọn Dutch, tí wọ́n ń tì wọlẹ̀ ní 2 cm ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wù wá jù, torí kì í fo ibì kankan.

Ní Èkó, nítorí ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n sábà ń lu òòlù yìí. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó mì ní Abẹ́òkúta ní 2009, kò sì le tó ti Japan. Ewu Àpápá lè kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n èbúté àti táǹkì epo ló wà lórí yanrìn yẹn. Iye tí wọ́n kà fún ìpìlẹ̀ náà ni ìṣirò 1971 ń béèrè, pẹ̀lú ibi tí omi ilẹ̀ dé àti bí ilẹ̀ ṣe lè mì tó. Inú dúrọ́ọ̀ àwọn ẹnjiníà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Iṣẹ́ àṣekágbá tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni fún ẹni tó bá lè gbà á lọ́wọ́ wọn.