Eré Ọmọdé àti Ìwé Kíkà

Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń ti ara wọn lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń fi pàṣán kọ́ ọmọ kékeré ní ìwé. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n kan ti ń sọ pé eré ni ọ̀nà tí ó yẹ kí ọmọdé gbà wọ inú ìwé.

Ọ̀kan nínú wọn ni Quintilian, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tí ó di olùkọ́ pàtàkì ní ìlú Róòmù ní sẹ́ńtúrì kìíní. Ó ní kí a fi eyín erin gbẹ́ lẹ́tà fún ọmọ láti máa fi ṣeré. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni pé ọmọ tí kò tí ì lè fẹ́ràn ẹ̀kọ́ lè kórìíra rẹ̀, kí ìkórìíra náà sì bá a dàgbà.

Ní ọdún 1693, John Locke, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde lórí títọ́ ọmọ. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọbìnrin kéékèèké a máa fi ọ̀pọ̀ wákàtí sọ òkúta sókè, kí wọ́n sì máa hán an, láìsí ẹni tí ó pàṣẹ fún wọn. Ó ní àìbìkítà àwọn àgbà ni kò jẹ́ kí irú aápọn bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi tí ó wúlò. Nítorí náà ni ó ṣe dábàá bọ́ọ̀lù eyín erin tí ó ní ojú 24 tàbí 25, kí a lẹ lẹ́tà mọ́ ọn lára, kí àwọn ọmọ máa jù ú, kí wọ́n máa wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ ju A tàbí B. Lẹ́tà díẹ̀ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá mọ ìwọ̀nyí dájú, kí a fi òmíràn kún un.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 1907, dókítà obìnrin kan, Maria Montessori, ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tálákà ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù. Ó gé lẹ́tà láti ara bébà tí káfíńtà fi ń dán pákó. Àwọn ọmọ ń fi ìka tọ ipa lẹ́tà náà, wọ́n sì ń pe ìró rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó to ohun ìṣeré jọ, ó sì kọ orúkọ wọn sára àjákù bébà. Ọmọ tí ó bá ka tirẹ̀ yanjú ni ó lè gba ohun náà fi ṣeré. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ya ìyá náà lẹ́nu: àwọn ọmọ kò dúró gba ohun ìṣeré; bébà mìíràn ni wọ́n ń nawọ́ sí.

Ìtàn yìí fi ìyàtọ̀ hàn láàárín eré tí a fi ń tan ọmọ àti eré tí ìwé kíkà fúnra rẹ̀ jẹ́ adùn rẹ̀. Ọmọ tí ń fi a-b-d kọrin lè há a sórí láìdá b mọ̀ lára pátákó. Ṣùgbọ́n èyí tí a kọ *igbá*, *ìgbà* àti *igba* síwájú rẹ̀, tí a ní kí ó mú èyí tí a fi ń bu omi, kò lè fi orin bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀; àfi kí ó ka àmì ohùn. Ariwo yóò wà ní kíláàsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìmọ̀.

Kí apá wa lè ká ìrókò ni a ṣe ń pẹ̀ka rẹ̀. Ní ti ọmọ tí a ń kọ́ ní ìwé, kí ó dàgbà kọjá olùkọ́ rẹ̀ ni a ń fẹ́.