Àga Igba ní Ẹnu Ọ̀nà

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún, àga 200 àti kánópì mẹ́rin balẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà màmá kan ní Òṣogbo. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà ni ìnáwó wọn. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ń bá oníṣòwò kan tó ń fi àga yáni ní Ìbàdàn tọ́jú AI tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp, tó sì ń pe API wọn láti fi ọjọ́ ìnáwó sínú ìwé. Màmá kọ "05/06". Ohun tí mo kọ láti fi júwe àyè tí ọjọ́ ń wọ̀ nínú API náà fún AI kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "ọjọ́". Ó bá kà á bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kà á, oṣù ṣáájú ọjọ́.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Akọ̀wé tó ń jókòó sí ọ́fíìsì wọn tẹ́lẹ̀ ì bá ti tẹ màmá láago: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé oṣù Kẹfà lẹ̀ ń wí?" AI tèmi kò béèrè, nítorí èmi náà kò sọ fún un pé ó lè béèrè.

Mo rò pé wàhálà tuntun ni, àfi ìgbà tí mo tú ìtàn wò. Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún kan náà, ní 1949, ni kọ̀ǹpútà EDSAC kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cambridge. Maurice Wilkes ni ọ̀gá àwọn tó kọ́ ọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé gbogbo ẹni tó bá wá ṣe ìṣirò níbẹ̀ ló ń tún wàhálà ẹlòmíì ṣe. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń fi nọ́ńbà kan pín òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ pín nǹkan ni yóò kọ ìtọ́sọ́nà rẹ̀. Wọ́n wá kọ irú iṣẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n lu ihò rẹ̀ sára téèpù bébà, wọ́n tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá nílò ọ̀kan á dà á kọ mọ́ tirẹ̀.

Nígbà tí Wilkes, David Wheeler àti Stanley Gill gbé ìwé wọn jáde ní 1951, iṣẹ́ 87 ló ti wà nílẹ̀. Apá kan ìwé náà jẹ́ àpèjúwe wọn: ohun tí o gbọ́dọ̀ gbé fún un, ibi tí yóò fi èsì sí, iye àyè tí yóò gbà nínú ìrántí ẹ̀rọ, àsìkò tí yóò lò. Ẹni tó wá láti ẹ̀ka kẹ́mísírì kò nílò kó tú téèpù wò. Títí di òní, mi ò tíì rí àpèjúwe tó ṣe ṣókí tó sì kún tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1952, ní ìpàdé kan ní Pittsburgh, Wheeler sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ náà. Ó ní lẹ́yìn tí o bá ti kọ ọ́ tán, tí o sì ti dán an wò, ó ṣì ku kí o júwe rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ inú rẹ̀, àti pé ó ṣeé ṣe kí èyí le ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni ọdún 25 ni nígbà náà. Èmi ti lé ní 40 kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù Kọkànlá 1971, Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti Bell Labs gbé ìwé ìlò àkọ́kọ́ jáde fún Unix, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe. Àyè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní BUGS, níbi tí ẹni tó ṣe irinṣẹ́ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àléébù rẹ̀ síta. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́? Wọ́n tún fi OWNER sí i, kí ẹni tí nǹkan bá dàrú mọ́ lọ́wọ́ lè mọ ẹni tí yóò lọ bá. Ìyẹn ni pé wọ́n gbà pé èèyàn ni òǹkàwé wọn, ó lè dìde lọ béèrè.

Swagger, tí Tony Tam gbé jáde ní 2011, tó di OpenAPI lẹ́yìn náà, sọ àpèjúwe API di fáìlì tí ẹ̀rọ lè kà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó wà ní àyè description kò kan ẹ̀rọ ìgbà náà. Orúkọ àti irú nǹkan tí API ń gbà ló ń wò. Ọ̀pọ̀ wa fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, tàbí kí á kàn tún orúkọ irinṣẹ́ kọ síbẹ̀, nǹkan kan kò sì bàjẹ́.

Oṣù Kẹfà 2023 ni OpenAI fún àwọn tó ń lo API rẹ̀ láyè láti júwe irinṣẹ́ wọn fún AI, kí òun fúnra rẹ̀ yan èyí tó yẹ kó pè. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2024, Anthropic gbé MCP jáde, ìlànà kan tí a fi ń so irinṣẹ́ mọ́ AI, irinṣẹ́ kan sì lè wúlò fún oríṣiríṣi AI. AI kì í rí kóòdù tó wà nínú irinṣẹ́. Orúkọ rẹ̀, àpèjúwe rẹ̀ àti ohun tó ń gbà, ìwọ̀nyí nìkan la ń tẹ́ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ oníbàárà. Àyè tí a ti ń fojú di látọjọ́ yìí ni ó wá fi ń ríran.

Mo tún tèmi kọ lálẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ padà dé láti Òṣogbo: "Ọjọ́ ìnáwó, kì í ṣe ọjọ́ tí oníbàárà kọ̀wé. Kọ ọ́ ní ọdún-oṣù-ọjọ́, bíi 2025-06-05. Bí oníbàárà bá fi nọ́ńbà nìkan kọ ọjọ́, bi í ní orúkọ oṣù kí o tó pe irinṣẹ́ yìí. Irinṣẹ́ yìí kò lè fagi lé iṣẹ́ tí ọkọ̀ ti gbé jáde." Ìlà mẹ́rin, níbi tí ọ̀rọ̀ kan wà tẹ́lẹ̀. Owó epo ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, èmi ni mo san án.