Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Bàálù Ogun Orílẹ̀-èdè Kékeré

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀yin lẹ jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè tuntun kan. Ilẹ̀ ò fẹ̀, owó ò tó, ogun sì ti dé ẹnu odi. Ẹ nílò bàálù ogun kíákíá. Èwo lẹ máa rà?

Ọ̀pọ̀ wa ló máa sọ pé èyí tó yára jù, tó ń dún bí àrá, irú èyí tá a máa ń rí nínú fíìmù. Ìtàn ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Orílẹ̀-èdè kékeré tó bá fẹ́ ra bàálù ogun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: ta ló gbà láti tà á fún wa? Ta ló máa wà á? Ta ló máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́? Níbo ló máa gúnlẹ̀ sí? Ìbéèrè karùn-ún wà o, a máa dé ibẹ̀.

Ìdílé ìjòyè kan wà ní ilẹ̀ Sweden, orúkọ wọn ni von Rosen. Ní oṣù kejìlá 1917 ni Finland kéde òmìnira kúrò lábẹ́ Rọ́ṣíà, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1918. Eric von Rosen, tó fara mọ́ apá kan nínú ogun náà, fi bàálù Thulin D kan ta wọ́n lọ́rẹ. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta 1918 ló gúnlẹ̀ sí ìlú Vaasa, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Finland kà sí ọjọ́ ìbí wọn títí dòní. Bàálù kan péré o! Wọn ò yàn án, wọn ò ná an. Ẹ̀bùn ni.

Carl Gustaf ni ọmọ Eric yìí, 1909 ni wọ́n bí i. Òun náà di awakọ̀ bàálù. Nígbà tí Ítálì gbógun ti Ethiopia ní 1935, ó lọ wa bàálù fún Red Cross níbẹ̀. Nígbà tí Soviet kọlu Finland ní 1939, ó tún gbéra. Bàálù akérò ni DC-2, ṣùgbọ́n wọ́n so bọ́ǹbù mọ́ ọn, òun sì wà á lọ sójú ogun ní 1940. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ọkùnrin yìí ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tó bá wà nílẹ̀ lèèyàn fi ń jà.

Ó wá kan ilẹ̀ tiwa. 1964 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Bàálù ìkọ́ṣẹ́ àti bàálù akẹ́rù ni wọ́n ní. Èyí tó lè jà gan-an ò sí. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje 1967, Gẹ̀ẹ́sì gbà láti ta ìbọn àti ọkọ̀ ogun orí ilẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti ta jẹ́ẹ̀tì. Amẹ́ríkà ní òun ò ní ta ohun ìjà fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ibo ni Nàìjíríà máa yà sí? Ọ̀dọ̀ Soviet ni. Ní oṣù kẹjọ 1967, MiG-17 bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Kano, jẹ́ẹ̀tì L-29 sì ti Czechoslovakia wá. Àwọn awakọ̀ àjèjì, ará Íjíbítì pọ̀ nínú wọn, ló ń wà wọ́n. Ṣé ẹ rí i? Nàìjíríà tó tóbi tó yẹn pàápàá, ẹni tó gbà láti tà ló bá a yàn.

Ti Biafra ló wá le jù. B-26 àti B-25 ni wọ́n kọ́kọ́ rí rà, àlòkù tí Amẹ́ríkà ṣe fún Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n tún sọ bàálù akérò di bàálù ogun. Ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, Fokker F27, bú gbàmù lójú òfurufú Èkó ní oṣù kẹwàá 1967. Kò sẹ́ni tó yè nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gba Port Harcourt lọ́wọ́ Biafra ní oṣù karùn-ún 1968, agbára wọn lójú òfurufú ti tán.

Ní oṣù kẹjọ 1968, Carl Gustaf wa bàálù oúnjẹ wọ Biafra. Ó fò nílẹ̀-nílẹ̀ kí ìbọn má bàa bà á. Ó rí àwọn ọmọ tí ebi ń pa kú, ó sì mọ̀ pé bàálù ìjọba ń ju bọ́ǹbù sí Uli, níbi tí wọ́n ti sọ títì di pápá bàálù. Ó padà sílé, ó sì lọ ra MFI-9B márùn-ún tí wọ́n ṣe ní ìlú Malmö.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tẹ́ ẹ bá rí bàálù yìí, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ìjókòó méjì ló ní, bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ju agbára ẹṣin 100 lọ, bíi ti mọ́tò kékeré kan. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nítorí pé bàálù ìkọ́ṣẹ́ ni, ó ṣeé rà láìjẹ́ pé ìjọba kan ta bàálù ogun. Ó lè gbéra lórí koríko, ó sì ṣeé tì sábẹ́ igi láti fi pa mọ́. Mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ lè tún un ṣe láìní irinṣẹ́ ńlá. Ní Gabon ni wọ́n ti so rọ́kẹ́ẹ̀tì 12 mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì kùn ún láwọ̀ ewé. Tó bá ń bọ̀ lórí igi báyìí, kí oníbọn tó gbọ́ ìró rẹ̀, ó ti dé orí rẹ̀. Gbogbo ìbéèrè mẹ́rin yẹn ni bàálù kékeré yìí dáhùn.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún 1969, wọ́n kọlu pápá bàálù Port Harcourt. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n dé Benin, Enugu àti ilé-iṣẹ́ mànàmáná Ughelli. Wọ́n ba bàálù ìjọba jẹ́ nílẹ̀, ariwo rẹ̀ sì gba ayé kan. Tó bá jẹ́ ibí ni mo dúró sí, ìtàn akọni ni à bá pè é.

Àmọ́ ìbéèrè karùn-ún ń bọ̀: ta ló máa jìyà rẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì géérégé lẹ́yìn ìkọlù Port Harcourt, ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, MiG ìjọba yìnbọn lu bàálù Red Cross kan tó ń gbé oúnjẹ lọ sí Biafra. Àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ kú. Red Cross dá ìrìn àjò alẹ́ rẹ̀ dúró. Àwọn ọmọ tí Carl Gustaf tìtorí wọn bínú, oúnjẹ tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn ló dín kù. Ìjọba àpapọ̀ ló yìnbọn, ẹ̀bi ìyẹn kò lè kúrò lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣí ojú òfurufú sílẹ̀ fún ìjà, tó sì mọ̀ pé ibẹ̀ náà loúnjẹ ń gbà kọjá, kò lè ní òun ò mọ nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ yẹn gún ọ̀tá, ó tún gún ọmọ.

Ní oṣù kìíní 1970, ogun parí, Biafra pa rẹ́. Carl Gustaf padà sí Ethiopia, ibẹ̀ ló kú sí nígbà tí wọ́n kọlu ìlú Gode ní 1977.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tán nílẹ̀ wa. Ní 2021, Nàìjíríà gba bàálù A-29 Super Tucano 12 láti Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù 500 dọ́là. Bàálù Embraer ti Brazil ni, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì. Fáànù ló ń fà á, nítorí pé ogun inú igbó ò nílò ohun tó ń sáré ju ojú lọ. Wọ́n yàn án dáadáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, ní oṣù kìíní 1917 kọ́ o, 2017 ni, bàálù tiwa fi àṣìṣe ju bọ́ǹbù sórí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló lọ, òṣìṣẹ́ Red Cross wà nínú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ṣe ìjọba lọ́la, tí wọ́n bá gbé ìwé bàálù wá kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, ẹ béèrè ẹni tó ń tà á, ẹni tó máa wà á, ẹni tó máa tún un ṣe àti ibi tó máa gúnlẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó ṣí gègé, ẹ béèrè ẹni tó wà nísàlẹ̀.