Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Amúlémóoru Onígáàsì Nínú Ilé Òròmọdìẹ

Òròmọdìẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin kò lè dá mú ara rẹ̀ móoru. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ibi tí ó ń dùbúlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ móoru tó 32°C sí 35°C. Lẹ́yìn náà ni a ó máa dín in kù ní nǹkan bí 3°C lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ìyẹ́ yóò fi bo ara rẹ̀. Ìkòkò èédú àti àtùpà epo kẹrosíìnì ni àwọn olùsìn adìẹ wa fi ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ onígáàsì tí a ń fi ṣéènì so rọ̀ sókè orí òròmọdìẹ, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní burúdà, ti wọ oko púpọ̀. Iná rẹ̀ mọ́ ju ti èédú lọ, kò sì nílò iná mànàmáná. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí sítóòfù gáàsì inú ilé ìdáná ni pé inú eruku àti òórùn ìgbẹ́ adìẹ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbáko. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ olóko kì í yẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lóru.

Ohun tí ilé adìẹ ń ṣe sí ẹ̀rọ náà

Èérún igi tí a tẹ́ sílẹ̀, ìyẹ́ wẹ́wẹ́ àti oúnjẹ lúbúlúbú ni eruku inú ilé adìẹ. Ẹ̀rọ yìí máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra kí ó tó lè jó gáàsì dáadáa. Bí eruku bá dí ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, iná tí ó yẹ kí ó pọ́n dẹ̀dẹ̀ lójú àwo amọ̀ yóò di ọ̀wọ́ iná ofeefee tí ń rú èéfín dúdú. Láti inú irú iná bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní carbon monoxide ti ń jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Àwọn òròmọdìẹ yóò kọ́kọ́ rẹ̀, ẹni tí ń tọ́jú wọn yóò sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀tá kejì ni amóníà, ìyẹn òórùn ìgbẹ́ adìẹ tí ń ta sí ojú àti imú. Amóníà a máa jẹ idẹ, idẹ ni a sì fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹnu ìsopọ̀ tí ó wà lára rọ́bà, fáàfù àti rẹ́gúlétọ̀. Idẹ tí ó ti pẹ́ nínú ilé adìẹ lè sán ní ojú ìlà tí ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò ní rí i. Ẹni tí ó sì ti ń gbé inú òórùn amóníà láti àárọ̀ lè má gbóòórùn tí wọ́n fi sínú gáàsì fún ìkìlọ̀ mọ́. Nítorí náà ni a fi ń sọ pé kí ẹ má ṣe gbára lé imú nìkan.

Ìtọ́jú láàárín ọ̀wọ́ adìẹ kan àti òmíràn

Àkókò tí ilé bá ṣófo, kí ọ̀wọ́ tuntun tó dé, ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ti ẹnu sílíńdà pa, ẹ jẹ́ kí gáàsì tí ó kù nínú rọ́bà jó tán, kí ẹ̀rọ náà sì tutù pátápátá, kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ẹ gbé e jáde sí gbangba. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku kúrò lójú àwo amọ̀ oníhò wẹ́wẹ́ náà. Ẹ má ṣe fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Bí àwo náà bá ti sán, kò sí gọ́ọ̀mù tàbí sìmẹ́ńtì tí ó lè tún un ṣe: iná lè gba ojú sísán náà wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan ní asẹ́ tí ń gba eruku mú. Asẹ́ yìí kò lè dúró de ìparí ọ̀wọ́. Ó kéré tán, ẹ máa gbọ̀n ọ́n nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ ná kí ẹ tó yọ ọ́.

Ihò tíńtín kan wà tí gáàsì ń gbà bọ́ sínú ẹ̀rọ. Bí ó bá dí, àwọn kan a máa fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà gún un. Ihò náà yóò fẹ̀ sí i, gáàsì yóò pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, iná yóò sì máa fò jáde. Ẹ yọ irin oníhò náà, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ láti òdìkejì. Ẹ̀rọ tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà tó fún un. Àmọ́ kí ẹ má ṣe dojú afẹ́fẹ́ líle bẹ́ẹ̀ kọ àwo amọ̀.

Rọ́bà gáàsì ni kí ẹ yẹ̀ wò tẹ̀lé e. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ wò ó bóyá ó ti ń sán tàbí ó ti gan. Eku kì í wọ́n nínú ilé adìẹ, eyín wọn sì mọ rọ́bà gáàsì dáadáa. Rọ́bà tí eku ti jẹ kì í ṣe ohun tí a ń fi téèpù wé. Ẹ ra òmíràn, kí ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún gáàsì, nítorí gáàsì a máa ba rọ́bà omi jẹ́. Kílíìpù onírin ni kí ẹ fi dì í, kì í ṣe wáyà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ po ọṣẹ àwo mọ́ omi díẹ̀. Ẹ ṣí sílíńdà láì tan ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ náà sí gbogbo ojú ìsopọ̀. Ibi tí ó bá ń hó ni gáàsì ti ń jò. Ẹ tún èyí ṣe nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà. Ẹ má ṣe fi ìṣáná tàbí láítà wá ojú jíjò láé. Inú rẹ́gúlétọ̀ àti inú fáàfù kì í ṣe ohun tí olóko ń tú. Bí wọ́n bá bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ wọn pẹ̀lú irú èyí tí a kọ sára ẹ̀rọ náà.

Bọ́tìnnì ààbò

Lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí, bọ́tìnnì kan wà tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń tan iná, tí a ó sì dì mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30. Ọ̀pá kékeré kan tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní thermocouple wà nínú iná. Bí ó bá gbóná, yóò mú iná mànàmáná díẹ̀ wá, èyí tí ń jẹ́ kí mágínẹ́ẹ̀tì di ọ̀nà gáàsì mú ní ṣíṣí. Bí iná bá kú, ọ̀pá náà yóò tutù, ọ̀nà gáàsì yóò sì ti.

Nígbà tí ọ̀pá yìí bá dọ̀tí, tàbí tí ó bá yà kúrò nínú iná, ẹ̀rọ yóò máa kú ní kété tí a bá ti fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n a fi igi há bọ́tìnnì náà, tàbí kí wọ́n fi wáyà so ó mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo àṣà tí a mọ̀ nídìí ẹ̀rọ yìí, òun ni ó burú jù. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ iná pa ní ààjìn, gáàsì kò ní dúró. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni yóò sì kó sí, láàárín èérún igi níbi tí òròmọdìẹ wà. Òtútù tí ó mú àwọn adìẹ ni yóò jẹ́ kí wọ́n máa ké, igbe wọn ni yóò sì pe òṣìṣẹ́ wá pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́.

Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu orí ọ̀pá náà, ẹ tì í padà sínú iná, ẹ sì wò ó bóyá nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ ti tú. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ra tuntun. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tó wọlé, ẹ dán an wò ní gbangba: ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí ó gbóná, kí ẹ sì ti sílíńdà pa. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí iná bá kú, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìró “tá” kékeré. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ náà.

Sílíńdà àti afẹ́fẹ́

Ìta ilé adìẹ ni ààyè sílíńdà, lábẹ́ ìbòji, ní òòró. Bí ẹ bá dà á dùbúlẹ̀, gáàsì olómi lè gba inú rẹ́gúlétọ̀ jáde, omi gáàsì lítà kan sì ń di nǹkan bí lítà 250 bí ó bá di afẹ́fẹ́. Ní àkókò ọyẹ́, ara sílíńdà lè tutù rinrin kí iná sì máa rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ ń fa gáàsì ju bí sílíńdà ti lè mú un wá lọ. Omi gbígbóná tàbí ẹyin iná kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ lo sílíńdà tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìtajà tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á, kí wọ́n má sì rọ ju 12.5 kg sínú sílíńdà 12.5 kg, nítorí pé gáàsì olómi a máa fẹ̀ bí oòrùn bá pa á.

A mọ̀ pé àwọn olóko a máa fi tápólì bo ilé pinpin kí ooru má bàa jáde. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè lábẹ́ òrùlé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn sínú ilé tí ẹ̀rọ ń jó. Bí orí bá ń fọ́ òṣìṣẹ́, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí ó ń bì, tí ara rẹ̀ sì ń yá nígbà tí ó bá jáde síta, ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí kí ẹ tó sọ pé ibà ni. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí gáàsì bá ń jò

Ẹ ti sílíńdà pa bí ọwọ́ bá tó o. Ẹ má ṣe tan iná, ẹ má sì ṣe pa èyí tí ó ń tàn. Ẹ má ṣe tan tọ́ọ̀ṣì tàbí jẹnẹrétọ̀. Gbogbo ènìyàn ni kí ó jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì padà wọlé nítorí adìẹ. Bí ẹ bá ti jìnnà díẹ̀, ẹ pe 112. Bí iná bá ń jó lẹ́nu sílíńdà tí ẹ kò sì lè tì í, ẹ má ṣe gbìyànjú láti pa iná náà, nítorí gáàsì tí kò jó yóò tàn kálẹ̀ lọ pàdé iná mìíràn. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ sì sọ fún àwọn panápaná iye sílíńdà tí ó wà nínú oko àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.