Ẹ́ńjìnnì Peugeot 404 àti 504: ohun tí kò yí padà, àti orúkọ tí ó yẹ ẹ́

Ìbéèrè mi nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: kí ni kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Agoua, ní kọ́múùnù Bantè, máa pe àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì ní èdè ilé wọn? Inú ìtàn Peugeot 404 àti 504, ọkọ̀ akérò ayé àtijọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti wá ìdáhùn.

Ọdún 1960 ni 404 jáde. 504 tẹ̀lé e ní 1968. Ẹnu sílíńdà 404 fẹ̀ tó mìlímítà 84, ìrìn písítìnì inú rẹ̀ jẹ́ 73. Ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ 1618 cc. Nígbà tí 504 dé, ìrìn písítìnì nìkan ni wọ́n fi kún, ó di 81, ẹ́ńjìnnì sì di 1796 cc. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ ẹnu sílíńdà sí 88, ó di 1971 cc.

Ohun kan kò yí padà. Ògiri sílíńdà kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì: irin roboto tí ó ṣeé yọ ni, omi sì yí i ká. Bí ó bá jẹ, mẹkáníìkì á yọ ọ́, á fi tuntun sí i.

Faransé ń pe irin yìí ní "chemise", ìyẹn ẹ̀wù. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní "sleeve", apá ẹ̀wù. Nítorí náà, mo dábàá "ẹ̀wù písítìnì". A ń wọ ẹ̀wù, a ń bọ́ ọ, a sì ń pààrọ̀ rẹ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá iṣẹ́ náà mu, ọmọṣẹ́ kò sì ní bèèrè ìtumọ̀ wọn.