Ojúsàájú Adájọ́ àti Ẹ̀rí Inú Máàkì

Kò sí ìdíje tí a kì í ti í gbọ́ pé adájọ́ ṣe ojúsàájú. Ẹni tó fìdí rẹmi ni yóò kọ́kọ́ ké, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò gbè é lẹ́sẹ̀, ẹni tó gba ẹ̀yẹ yóò sì máa yin adájọ́ kan náà pé olódodo ni. Nígbàkígbà tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ bá sọ, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi: báwo ni a ṣe lè mọ òtítọ́? A kò lè la inú adájọ́ wò. Ṣùgbọ́n adájọ́ a máa fi ohun kan sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dìde, èyíinì ni máàkì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti fi máàkì náà ṣe ẹlẹ́rìí, àti bí àwọn aláṣẹ kan ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹlẹ́rìí ọ̀hún lẹ́nu mọ́, ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2002, ní ìlú Salt Lake City ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni àṣekágbá ijó orí yìnyín ti takọtabo wáyé nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Elena Berezhnaya àti Anton Sikharulidze ló ṣojú Rọ́ṣíà. Jamie Salé àti David Pelletier ló ṣojú Kánádà. Sikharulidze kọsẹ̀ díẹ̀ nígbà tó fò tó sì balẹ̀. Àwọn ará Kánádà jó tiwọn láìṣìṣe. Síbẹ̀, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ló gbé Rọ́ṣíà sí ipò kìíní: ti Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Pólàńdì, Yukréìnì àti Faransé. Ti Amẹ́ríkà, Kánádà, Jámánì àti Jàpáàn gbé Kánádà. Ìròyìn gbalẹ̀ pé adájọ́ Faransé sọ pé wọ́n fúngun mọ́ òun láti ti Rọ́ṣíà lẹ́yìn, kí àwọn oníjó Faransé lè rí ìbò gbà nínú ìdíje mìíràn. Ó padà sẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n fún àwọn ará Kánádà náà ní ẹ̀yẹ wúrà, láìgba ti Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn náà ni àjọ àgbáyé fi òfin de adájọ́ náà àti olórí ẹgbẹ́ ijó orí yìnyín ilẹ̀ Faransé fún ọdún mẹ́ta.

Ohun tó mú kí ọ̀ràn yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ ni pé àwọn tó ṣe òfin ìdíje náà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Máàkì tó ga jù lọ nígbà náà ni 6.0, ṣùgbọ́n wọn kì í ro máàkì àwọn adájọ́ pọ̀. Ipò tí adájọ́ kọ̀ọ̀kan to àwọn oníjó sí ni wọ́n ń wò, nítorí wọ́n mọ̀ pé adájọ́ kan a máa lawọ́, òmíràn a sì máa háwọ́. Bí ahun bá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jó jù lọ ní 5.3, tí ọ̀làwọ́ fún un ní 5.8, kò burú, níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ti gbé e ṣáájú àwọn yòókù. Wọ́n ti di ihò kan pa. Ihò kejì ni èkúté gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kékeré kan, tí mo fúnra mi ṣe, là á yé wa. Ká ní adájọ́ mẹ́ta jókòó, tí òṣèré mẹ́ta sì jáde. Adájọ́ kìíní fún wọn ní 9, 7 àti 8 ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Èkejì fún wọn ní 7, 5 àti 6. Ẹ̀kẹta fún wọn ní 6, 4 àti 9. Adájọ́ kejì háwọ́ ju ti kìíní lọ, ṣùgbọ́n máàkì méjì-méjì ló fi dín ti gbogbo wọn kù. Kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ wá wo ẹ̀kẹta. Bí a bá fi í wé adájọ́ kìíní, ó fi máàkì mẹ́ta dín ti òṣèré kìíní kù, ó fi mẹ́ta dín ti èkejì, ṣùgbọ́n nígbà tó kan òṣèré kẹta, ahun di ọ̀làwọ́: ó fi máàkì kan lé e. Bó bá ṣe bó ti ń ṣe bọ̀ ni, 5 ni ì bá fún un, òṣèré kìíní ì bá sì fi máàkì 22 borí 19. Pẹ̀lú 9 yẹn, òṣèré kẹta ní 23, ó gba ẹ̀yẹ lọ. Ohun tí à ń wá nìyẹn. Bí adájọ́ ṣe le tó kò sọ ọ́ fún wa, bí òṣèré ṣe mọṣẹ́ tó kò sì sọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí adájọ́ kan pàtó kojú òṣèré kan pàtó ló wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, kí a má tíì dá adájọ́ kẹta lẹ́bi. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó lè jẹ́ pé ó rí ẹwà kan tí ojú àwọn yòókù fò. Nítorí náà ni onímọ̀ fi ń kó máàkì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdíje jọ, láti wò ó bóyá ìgbàkígbà tí ọmọ ìlú adájọ́ bá jáde ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí. Eric Zitzewitz, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 2006. Ó rí i pé nínú ijó orí yìnyín, àti nínú ìdíje fífò láti orí òkè yìnyín, adájọ́ ń gbè sẹ́yìn ọmọ ìlú rẹ̀. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ìwà àwọn adájọ́ yòókù ló yà mí lẹ́nu. Nínú ìdíje fífò, bí ọmọ ìlú ọ̀kan nínú wọn bá jáde, àwọn yòókù a dín máàkì tiwọn kù, kí òṣùwọ̀n lè dọ́gba. Nínú ijó, ńṣe ni wọ́n ń fi kún un! Fún mi kí n fún ọ ni. Bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yan adájọ́ ijó nígbà náà, àjọ àgbáyé ló sì ń yan ti fífò. Ẹni tó fi ènìyàn sípò ni ó máa ń wojú rẹ̀.

Kí wá ni àwọn aláṣẹ ijó ṣe? Wọ́n pa ìlànà 6.0 tì, wọ́n sì gbé òmíràn dìde ní 2004, nínú èyí tí ohun kọ̀ọ̀kan tí oníjó ṣe ní máàkì tirẹ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi orúkọ adájọ́ pamọ́: a ń rí máàkì, a kò mọ ẹni tó ni ín. Èrò wọn ni pé bí ẹni tó ń fúngun mọ́ adájọ́ kò bá mọ ohun tó kọ, kò ní lè bá a ná ọjà ìbò. Wọ́n gbàgbé pé aṣọ tó bo adájọ́ mọ́ ẹni yẹn lójú ló bò ó mọ́ gbogbo ayé lójú pẹ̀lú. Orúkọ àwọn tó jókòó ṣì hàn, nítorí náà Zitzewitz fi èsì oníjó tó ní ọmọ ìlú rẹ̀ láàrin àwọn adájọ́ wé ti ẹni tí kò ní. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 2014, ó fi hàn pé ojúsàájú kò dín kù lẹ́yìn àtúnṣe náà. Ó tilẹ̀ pọ̀ sí i. Ọdún 2016 ni àjọ náà tó fagi lé ìfipamọ́ orúkọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òṣìkà nìkan ni ìṣirò ń tú fó. Ní Brussels, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù, ìdíje orin kan wà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1937, tí wọ́n sì ń fi orúkọ Olorì Elisabeth pè láti 1951. Nínú ti fayolíìnì àti ti dùùrù, òṣèré 12 ló ń dé àṣekágbá, méjì-méjì lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, ìbò ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tí yóò ṣáájú. Olúkúlùkù ní láti ta orin tuntun kan tí kò gbọ́ rí, tó fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́. Ní 1996, Renato Flôres àti Victor Ginsburgh fi hàn pé ẹni tó bá ta tirẹ̀ lọ́jọ́ kìíní kì í sábà rí ipò gidi gbà bíi ti àwọn tó kẹ́yìn. Bí mo ṣe rò ó sí ni pé orin tuntun náà ṣàjèjì sí adájọ́ pàápàá ní alẹ́ kìíní. Nígbà tó bá ti gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá, etí rẹ̀ ti mọ adùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó gba rìbá, kò sí ẹni tó mọ̀ pé òun ṣègbè. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ṣùgbọ́n ní 2003, Ginsburgh àti Jan van Ours fi hàn pé ipò tí atadùùrù bá gbà níbẹ̀ ń gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìbò ọjọ́ kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ yí ọ̀nà ayé ènìyàn padà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju ọ̀kan lọ: kí orúkọ adájọ́ wà lára máàkì rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ náà sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Àwọn kan lè sọ pé èyí yóò kó ìtìjú bá adájọ́. Èmi rò pé adájọ́ olódodo ló nílò rẹ̀ jù lọ. Òun ni àwọn tó fìdí rẹmi ń bú lọ́dọọdún, tí kò sì ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ìṣirò kan náà tó ń tú àṣírí òṣìkà ni yóò dá a láre.